Ẹni Tí A Dúró Dè Níbi Fídáù Bàbá Mi

Ìwé tí olè fi rí mi mú, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, lórí ẹ̀rọ ara mi, pẹ̀lú bébà tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Mushin. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, pósítà òkú, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá ládùúgbò wa. Tí ẹ bá rí pósítà tí ojú olóògbé mọ́ níbẹ̀, tí kò dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi. Mo máa ń fi yangàn nígbà kan.

Nígbà tí bàbá mi kú, a sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ó wá ku fídáù ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni àkọ́bí. Mo ní kí wọ́n fi ti pósítà sílẹ̀ fún mi, ta ni mo tún fẹ́ gbé e fún? Mo fi àwòrán bàbá mi sáàárín, mo to orúkọ àwa ọmọ sísàlẹ̀, mo fi nọ́ńbà fóònù oníkálukú ti orúkọ rẹ̀. Lápá òsì ni mo kọ oríkì ìdílé wa sí. Oríkì náà gùn ju àyè tó wà lọ, mo bá yọ ìlà kan kúrò láàárín, èyí tó pe àwọn baba ńlá wa ní alájẹkì. Mo rò pé kò tiẹ̀ yẹ lára pósítà òkú, àti pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ló kọ́kọ́ rí i.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, pósítà yìí mà dáa o. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo nọ́ńbà yìí ń ṣe níbẹ̀? Ẹ yọ ọ́ jàre. Àwọn oní-gbájúẹ̀ ń wo nǹkan báyìí o."

Mo ní, "Ìwọ náà ti ń ṣe òyìnbó jù. Báwo làwọn èèyàn ṣe máa bá wa kẹ́dùn tí wọn ò bá rí nọ́ńbà pè? Òkú bàbá wa ni, kì í ṣe àṣírí ìjọba."

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé títì, mo sì fi ránṣẹ́ sórí wáṣáàpù fún gbogbo ayé. Ẹ má sì rò pé aláìmọ̀kan ni mí. Èmi yìí náà ni mo máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí láràárọ̀: ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ má tẹ ohun tí ẹ ò mọ̀ lórí fóònù. Nọ́ńbà àṣírí mi ò tíì jáde lẹ́nu mi títí dòní. Olè tó mú mi ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ṣọ̀fọ̀ rí lè má mọ bí fóònù ṣe ń dún tó lásìkò ọ̀fọ̀. Ẹni tí o mọ̀ á pè, ẹni tí o ò mọ̀ á pè. Ẹlòmíràn á ti máa sunkún kó tó kí ọ. O ò sì lè bi ẹni tó ń bá ọ sunkún bàbá rẹ pé ta ni. O kàn máa ní, "Ẹ ṣé o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín," o tún máa gba ti ẹlòmíràn. Àárín irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ bọ́ sí. Ohùn àgbà ọkùnrin ni. Ó kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá mi, ó kì wọ́n láti òkè délẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Omi bọ́ lójú mi. Ó wá ní, "Ṣé o ò dá mi mọ̀ ni?"

Mi ò mọ ìbéèrè tó tún ń há ọmọ Yorùbá lọ́fun tó bẹ́ẹ̀. Tí o bá ní o ò mọ̀ ọ́n, o ti di ọmọ tí wọn ò kọ́. Àgbàlagbà á ní, "Ó dáa náà, ẹ ti gbàgbé wa," ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé etí ìyá rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, a kì í sọ pé a ò mọ̀. À ń dárúkọ ẹni tó bá wá sí wa lọ́kàn, tí kì í bá ṣe òun, a tún dárúkọ ẹlòmíràn, títí a ó fi bá a pàdé níbì kan.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ṣé bàbá Ìkòròdú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. "Ìkòròdú kẹ̀? O ò mọ ohùn ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ mọ́."

Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi. Ọkàn mi lọ síbi tí kò ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Kékeré?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì gbàgbé mi."

Bọ̀ọ̀dá Kékeré là ń pe àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo. Ọmọ kékeré ni nígbà tí màmá mi wọlé bí ìyàwó. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n lọ sílé kéú. Nígbà tó dàgbà, òun àti bàbá mi jà nítorí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Bàbá mi sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ayálégbé, irú ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ sí ọmọ ìyá ẹni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba òkè ọya lọ, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá mi ò dárúkọ rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n kò sí Iléyá tí màmá mi kì í gbé ìpín ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àwo kan, bí bàbá mi bá fẹ́ kí wọ́n bínú.

Mo sáré gbé fóònù lọ fún màmá mi níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ẹní, nínú aṣọ opó wọn. Ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Màmá mi ní orúkọ tí wọ́n fún un, orúkọ tí wọn ò pè mọ́ láti ọjọ́ tó ti lọ. Wọ́n fi orúkọ yẹn lọgun. Ọkùnrin náà ní, "Èmi ni o, ìyàwó wa."

"Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn yín?" Bí màmá mi ṣe pọ̀n ọ́n tó, "ẹ" ni wọ́n ń fún un, torí ó ti wà nílé kí wọ́n tó dé.

"Ó ń dùn mí o, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀."

"Ẹ ti bímọ?"

"Ọlọ́hun ṣe é."

Tí mo bá rò ó báyìí, ọkùnrin yẹn ò sọ ohunkóhun fún wa. Àwa la sọ fún un. A rán an bí ẹ̀wù, a gbé e wọ̀ ọ́, a tún ń yọ̀ pé ó bá a mu.

Màmá mi jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ náà, àwọn tí kò fẹ́ẹ́ fẹnu kan nǹkan láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Ẹni tó bá wọlé wá kẹ́dùn, wọn kì í jẹ́ kó jókòó tán. "Ọkọ mi kékeré ti jáde o. Ó ń bọ̀ níbi fídáù." Wọ́n ní kí a gbá yàrá ìsàlẹ̀ kan, kí a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Wọ́n ní bó bá dé, òun ló máa dúró síwájú ilé yìí, àwọn máa rí ẹni fi ọ̀rọ̀ ilé lọ̀. Ohun tí mo fi ń ṣeré nìyẹn láìmọ̀. Owó wà níbẹ̀, ó ká mi lára, ṣùgbọ́n ìrètí ìyá mi ló jù.

Ọkùnrin náà pè padà. Ó ní màlúù lòun ń tà lókè ọya, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi màlúù ẹlòmíràn ṣe sàárà ẹ̀gbọ́n òun, òun ti gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀, òun fúnra òun ló ń bá a bọ̀. Mo bá sọ fún ẹni tí a ti ná màlúù lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó má ṣèyọnu mọ́. Kò pẹ́ tó tún pè: wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ìwé màlúù ò pé, kò sí báńkì nínú igbó tí àwọn wà, kí n bá òun fi nǹkan ránṣẹ́ sí dírẹ́bà, òun á dá a padà bí òun bá ti dé. Owó tí àwa ọmọ dá fún oúnjẹ fídáù ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, orúkọ jáde. Orúkọ obìnrin ni. Mo rí i kedere. Mo ní bóyá ìyàwó dírẹ́bà ni, mo sì fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ta ló ni orúkọ yẹn? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní kó pè wá pẹ̀lú fídíò, ká rí ojú ẹ̀ ná."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Kí n sọ fún àbúrò bàbá mi pé kó gbé ojú ẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló kọ́ ẹ nírú ìwà yẹn?"

Ó wo màmá wa tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní, ó sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin náà tún pè nítorí táyà, ó tún pè nítorí ọlọ́pàá kan tí kò gbà. Mo ń fi ránṣẹ́, kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi dijú ní tèmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú fídáù, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo jáde lọ wo pósítà mi lára ògiri, torí òjò ti ká a létí, mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń ka oríkì náà lábẹ́ ẹnu, bí bàbá mi ṣe máa ń kì í fún wa láàárọ̀. Mo dé ibi ìlà tí mo yọ kúrò. Ẹnu mi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, alájẹkì àti ohun gbogbo tó tẹ̀lé e. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìlà yẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé, ibẹ̀ la máa ń dúró dè ká lè rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ ilé wa tó lè fò ó.

Ọkùnrin yẹn fò ó. Ó fò ó ní ibi tí mo ti gé e gan-an. Pósítà mi ló ń kà fún mi.

Mo padà sínú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó lórí páálí bébà. Ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi níbi tí mo ti ń pè é ní sà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nígbà náà ò le. Mo lè pe báńkì. Mo lè sáré lọ sọ fún màmá mi kí wọ́n fi gbogbo òru sunkún rẹ̀ tán. Mi ò ṣe èyíkéyìí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo tó yọjú sí báńkì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn bi mí pé, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ránṣẹ́, sà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ká ní mo ti tètè pè wọ́n ni, wọ́n ì bá gbìyànjú láti dá owó náà dúró níbi tó wà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ní báyìí, ẹni tó bá bi mí pé ṣé mi ò dá òun mọ̀, mo máa ń ní, "Mi ò dá yín mọ̀ o. Ẹ dárúkọ ara yín." Àna mi kan ti bínú sí mi nítorí ẹ̀. Kí wọ́n máa bínú. Ẹbí tó bá tún ní kí n fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni mo máa fi pè é padà, orúkọ tó bá sì jáde lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Tó bá ní kí n ṣe kíá, mo máa ń jókòó ni. Àwọn tó ń wá tẹ pósítà òkú, nọ́ńbà kan péré ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, mo máa ń ní àyè ò sí. Mi ò tíì lè sọ ìdí ẹ̀ gan-an fún oníbàárà kankan.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ fídáù pé. Wọ́n ti ta kánópì síwájú ilé, àwọn àáfà ti jókòó. Mo ti fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ra ẹja títùs, mo sọ fún àwọn tó ń dáná pé màlúù ṣì ń bọ̀, kí wọ́n fi ẹja bẹ̀rẹ̀ ná. Opó kì í jáde síta, nítorí náà màmá mi wà ní pálọ̀, wọ́n ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọ́n ti ní kí wọ́n tẹ́ ẹní ìrun kan sí ẹ̀gbẹ́ olórí àáfà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀.

Àbúrò mi jáde wá bá mi. "Màmá ní kí n bi yín pé ibo ni wọ́n dé."

Mi ò mọ ohun tó gbé mi ṣe é. Mo gbé fóònù sétí, mo sì gbóhùn sókè kó lè dé inú ilé: "Ẹ ti dé Ọjọ́ta? Ẹ rọra máa bọ̀ o, sà. Gbogbo wa ń retí yín." Kò sẹ́ni kankan lódìkejì. Ohùn mi dùn, ó balẹ̀, ó dà bí ti olè náà.

Màmá mi ránṣẹ́ sí àáfà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ní sùúrù, àbúrò olóògbé ti wọ Èkó. Àáfà ní kò burú. Oòrùn mú. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà fẹ́ ara wọn. Nígbà tó yá, olórí àáfà ní àwọn tún ní fídáù mìíràn ní Èbúté Mẹ́ta. Àbúrò mi tún jáde. Fóònù ọwọ́ mi ló ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "fóònù yín ò tàn."

Mo ní kó lọ gbé omi fún àwọn àáfà. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo sì sọ ọ́ lójú màmá mi gan-an: "Wọ́n ti dé Ìlúpéjú."

"Alhamdulilahi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bu omi àlùwàlá sínú bùta fún un. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní kí n wò ó bóyá ojú àwọn ṣì wú. Mo ní kò wú mọ́.

Láti Ìlúpéjú sí ilé wa ò jìnnà, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Olórí àáfà dìde, wọ́n ń gbọn ẹ̀wù wọn. Màmá mi pariwo láti inú ilé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ó ti wà ní tòsí!" Màmá mi tó jẹ́ opó ń bẹ ọkùnrin tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, lójú gbogbo àdúgbò, nítorí irọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo wọlé tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, níwájú àwọn ìyá tó yí wọn ká.

"Màmi, ẹ dárí jì mí. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Olè ni ọkùnrin yẹn, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Kékeré. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, owó wa ti lọ."

Mo ń retí igbe. Kò sí igbe. Àwọn ìyá yòókù fọwọ́ bo ẹnu. Màmá mi jókòó, wọ́n ń wò mí, ojú wọn rí bíi ti ẹni tó ń gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ pọ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀?"

"Kò sí, màmi."

"Ta ló wá wà ní Ìlúpéjú?"

Mo fẹ́ sọ pé olè náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ti wà lẹ́nu mi, ó sì máa rọrùn, kò sẹ́ni tó lè já irọ́ mi àyàfi àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fóònù olè náà ti kú látàná. Owó ló gbà lọ́wọ́ wa. Kò ní kí ìyá mi wé gèlè.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀," mo ní. "Èmi ni mo sọ ọ́."

Màmá mi gbé ojú kúrò lára mi. Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí n lọ sọ fún àáfà pé kí wọ́n máa ṣe àdúà wọn.